Ọmọ mi ní èédú tí mo ń tà ló ń ba ojú ọjọ́ jẹ́. Ṣé òótọ́ ni?

Ìyá Eléédú Láfẹ́nwá | Àìkú, 7:42 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Lísàbí. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá. Ọmọ mi tó wà ní JSS 3 ti ilé ìwé dé lọ́jọ́ Ẹtì, kò tíì bọ́ bàtà tó fi ní, "Màámi, èédú tí ẹ ń tà yìí wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ayé gbóná." Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń ta èédú. Òun náà ni mo fi san owó ilé ìwé tó ti lọ gbọ́ ìyẹn wá.

Mo bi í pé báwo. Ó ní kábọ̀n ni. Ó ní kábọ̀n wà nínú èédú, ó wà nínú bẹntiróò, ó wà nínú igi, ó wà nínú láfún, ó wà nínú ẹran ara wa, àti pé èémí tí à ń mí síta gan-an, òun náà ló wà níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni, kí ló wá kan èédú nìkan? Ṣé ká má mìí mọ́ ni? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó là á yé mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi gírámà pa mí.

Ọmọ Ìjẹùn | Àìkú, 7:58 alẹ́

Màmá, ẹ máa ta ọjà yín jàre. Oòrùn ti ń mú ní Abẹ́òkúta kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa. Abẹ́ àpáta là ń gbé, kí la fẹ́ kí ó ṣe, kó tutù bíi fíríìjì? Àwọn tó kọ́ ilé iṣẹ́ ńláńlá ló yẹ kí wọ́n lọ bi, kì í ṣe ìyá tó ń wọn èédú nínú ike.

Tíṣà Ọbáńtókò | Àìkú, 8:31 alẹ́

Ìyá Eléédú, ẹ kú ọjà, ẹ kú àmójútó ọmọ. Kẹ́mísírì ni mo fi ń jẹun, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú. Ọmọ yín kò purọ́, àmọ́ ó fo ibì kan.

Ẹ fi kábọ̀n wé owó èsúsú. Èèyàn méjìlá ń dá a, lóṣù yìí èmi ni mo kó o, lóṣù tó ń bọ̀ ẹ̀yin ni. Owó ń yí ọwọ́ kiri, ṣùgbọ́n kò sí náírà tuntun tó wọ̀ ọ́. Bí kábọ̀n ṣe ń ṣe láàárín afẹ́fẹ́ àti ohun abẹ̀mí nìyẹn. Ewé ẹ̀gẹ́ tó wà lóko ní Ọ̀dẹdá ń gba CO2 (kábọ̀n tó so mọ́ ọ́síjìn, tó ń dá ooru dúró sáyé bí aṣọ ìbora) látinú afẹ́fẹ́, ìtànṣán oòrùn ń bá a ṣe é, ó di ẹ̀gẹ́ lábẹ́ ilẹ̀. A bó o, a rẹ ẹ́, a sá a, ó di láfún. A ro ó, a jẹ ẹ́. Ara wa lò ó tán, a mí i síta, ó tún di CO2. Kábọ̀n tí ẹ mí síta lálẹ́ yìí, inú afẹ́fẹ́ ló ti wá lọ́dún tó kọjá nígbà tí ẹ̀gẹ́ yẹn wà lóko. Èémí wa kò fi kọ́bọ̀ kan kún owó èsúsú. Ẹ máa mí o.

Èsúsú yẹn tóbi púpọ̀. Gbogbo ewé tó wà láyé ń gba nǹkan bí bílíọ̀nù 120 tọ́ọ̀nù kábọ̀n lọ́dún kan, nǹkan bí iye yẹn náà ló sì ń padà sáfẹ́fẹ́ nípa èémí, ìjẹrà àti iná. Òkun pẹ̀lú ń gbà, ó sì ń dá a padà, ó lé ní bílíọ̀nù 70 tọ́ọ̀nù lọ́dọọdún.

Epo rọ̀bì, gáàsì àti èédú tí wọ́n ń wà nílẹ̀ bíi ti Enugu kò sí nínú èsúsú yìí. Igi, ewé àti ohun abẹ̀mí inú òkun ni wọ́n, tí ilẹ̀ bò mọ́lẹ̀ láti ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Owó tí ẹni ìṣáájú rì mọ́lẹ̀ ni. Wọ́n kan epo ní Olóìbìrí lọ́dún 1956, a gbẹ́ ẹ jáde, a sì ń ná an sínú ọjà. Lónìí, gbogbo ayé pọ̀ ń tú nǹkan bí bílíọ̀nù 10 tọ́ọ̀nù irú kábọ̀n bẹ́ẹ̀ sáfẹ́fẹ́ lọ́dún kan. Bí a bá kà á ní CO2, tí ọ́síjìn ti wọ̀ ọ́, ó ń lọ sí bílíọ̀nù 37 tọ́ọ̀nù.

Ọmọ Ìjẹùn | Àìkú, 8:44 alẹ́

Tíṣà, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Ẹ ní ewé ń gbé 120, òkun ń gbé 70 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ti ń lọ sí 200. Ti èèyàn wá jẹ́ 10. Mẹ́wàá nínú igba, ìyẹn ló wá fẹ́ ba ayé jẹ́?

Tíṣà Ọbáńtókò | Àìkú, 9:05 alẹ́

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ẹ wo ilé ìtajà kan. Mílíọ̀nù kan wọlé lóṣù, mílíọ̀nù kan náà ló jáde. Kò sèrè, kò gbèsè. Ẹ wá jẹ́ kí ọmọọṣẹ́ kan máa mú ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta níbẹ̀ lóṣooṣù láì dá a padà. Ó kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ mílíọ̀nù. Lọ́dún kẹta, ẹ óò ti ilẹ̀kùn ilé ìtajà yẹn. Igba tí ẹ ń wò ń wọlé, ó sì ń jáde. Mẹ́wàá yìí ń wọlé ni, kò rí ọ̀nà jáde tán.

Mo sọ pé "tán" nítorí pé igi àti òkun ń bá wa gbé e. Nǹkan bí ìdajì ohun tí a ń tú jáde ni wọ́n ń gbà mọ́ra. Ìdajì tó kù ló ń gbé inú afẹ́fẹ́. Kí àwọn ilé iṣẹ́ ayé ìsinsìnyí tó bẹ̀rẹ̀, CO2 jẹ́ nǹkan bí 280 nínú mílíọ̀nù kan ìpín afẹ́fẹ́. Ó ti kọjá 420 báyìí.

Ọmọ Ìjẹùn | Àìkú, 9:09 alẹ́

Ta ló kà á?

Tíṣà Ọbáńtókò | Àìkú, 9:40 alẹ́

Ẹ̀yin Ìjẹùn, ẹ ò ní jẹ́ ká sùn lálẹ́ yìí.

Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Charles David Keeling gbé ẹ̀rọ sórí òkè Mauna Loa ní Hawaii lọ́dún 1958. Àárín òkun ńlá ni, ó jìnnà sí ọkọ̀ àti ilé iṣẹ́. Nǹkan bí 315 ló bá níbẹ̀. Wọn kò fi bẹ́ẹ̀ dáwọ́ dúró láti ìgbà náà. Ìpíndọ́gba ti ọdún 2024 lé ní 424. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú iṣẹ́ yẹn ni pé ìlà tó yà kì í gùn gbọọrọ, ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀ lọ́dọọdún bí àyà ẹni tó sùn. Ìdí ni pé ilẹ̀ pọ̀ ní apá àríwá ayé ju gúúsù lọ. Tí igi ibẹ̀ bá rúwé, CO2 á wálẹ̀; tí ewé bá wọ́, á tún gòkè. Ṣùgbọ́n ní ọdọọdún, ibi tó bá padà sí ga ju ti èṣí lọ.

Ti ayé àtijọ́ ńkọ́? Yìnyín Antarctica ni. Afẹ́fẹ́ ìgbà àtijọ́ há sínú rẹ̀ bí hóró nínú èso. Wọ́n gbẹ́ ẹ dé ibi tó tó 800,000 ọdún sẹ́yìn, CO2 kò kọjá 300 nínú gbogbo rẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó bi mí pé "ta ló sọ pé ti epo ni, tí kì í ṣe ti òkè tó ń yọ iná": ti òkè oníná kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí èèyàn ń tú jáde. Ẹ̀rí míì sì wà. Irú kábọ̀n kan wà tí wọ́n ń pè ní kábọ̀n-14. Ó wà lára ohun gbogbo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú tàbí tó ṣì wà láàyè, ó sì ń dín kù sí ìdajì ní nǹkan bí 5,730 ọdún síra. Epo rọ̀bì ti pẹ́ jù, kò sí ẹyọ kan nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ fi wé ẹmu. Ẹmu àárọ̀ a máa hó, èyí tó ti sùn lọ́pọ̀ ọjọ́ kì í hó mọ́. Tí ẹlẹ́mu bá bu èyí tó ti kú lé tuntun, ẹni tó mọ ẹmu mu á mọ̀ ní ìmukàn. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Hans Suess ló mọ̀ ọ́n nínú igi: ní 1955, ó fi hàn pé igi tó hù lẹ́nu ìgbà yẹn ní kábọ̀n-14 tó kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹnì kan ń bu ẹmu tó ti kú sínú akèrègbè wa.

Awakọ̀ Kútọ̀ | Ajé, 6:20 àárọ̀

Mo ń dúró de èrò ní gáréèjì, mo ní kí n ka ohun tí ẹ ń sọ. Tíṣà, ọ̀kan wà tó ń dà mí láàmú. Ẹnì kan tí mo gbé ní lítà bẹntiróò kan ń di èéfín tó lé ní kílò méjì. Lítà bẹntiróò gan-an kò tó kílò kan! Ibo ni ìyókù ti wá? Àwa tí à ń ra epo la mọ bó ṣe wúwo o.

Tíṣà Ọbáńtókò | Ajé, 7:02 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ló sọ. Nǹkan bí kílò 2.3 ni. Ife gàrí kan ńkọ́, tí ẹ bá da omi sí i, ṣé ife kan náà ló ń jẹ́? Ó wú, ó kún abọ́. Omi ló wọ̀ ọ́. Kábọ̀n inú bẹntiróò náà, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló wọ̀ ọ́ nígbà tó jóná. Kábọ̀n kílò 12 á mú ọ́síjìn kílò 32, ó di CO2 kílò 44. Ọkọ̀ yín ń ra epo lówó, ó ń mú ọ́síjìn lọ́fẹ̀ẹ́.

Awakọ̀ Kútọ̀ | Ajé, 7:05 àárọ̀

Háà. Gàrí! Ó yé mi. Èrò ti pé, ó dìgbà.

Ará Kọ́rì | Ajé, 1:15 ọ̀sán

Ẹ kú ìjíròrò. Ẹ ti ń sọ ti epo, kò sẹ́ni tó rántí símẹ́ǹtì, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa ló wà.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun ní Ewékorò, òkúta tí wọ́n fi ń ṣe símẹ́ǹtì. Ẹni tó bá ní òkun kò dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá rí, kó wá wo èyí tí mo fi ti ilẹ̀kùn yàrá mi. Ìkarahun ohun inú òkun wà nínú rẹ̀ kedere, ẹ lè fi ọwọ́ tọ ipasẹ̀ ìlà ara rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ tó máa ń wá wò ó ní ó ti ń lọ sí mílíọ̀nù 60 ọdún. Òkun wà níbẹ̀ nígbà náà, ohun abẹ̀mí inú rẹ̀ kú, ìkarahun wọn rọ̀ sísàlẹ̀, ó ga, ó sì le di òkúta.

Inú ìkarahun yẹn ni kábọ̀n wà. Wọ́n ń gbé òkúta náà sínú ìléru tó ń gbóná dé nǹkan bí 1,450 ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Tí ẹ bá gbé ògidì òkúta ẹfun kílò 100 sínú iná, kílò 56 ló máa kù. Kílò 44 ti di CO2, ó ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Ìyẹn kò tíì kan ohun tí wọ́n fi dáná o. Tó bá jẹ́ pé oòrùn ni wọ́n fi dáná, kílò 44 yẹn á ṣì jáde, torí òkúta fúnra rẹ̀ ló ń tú u. Nínú gbogbo CO2 tí èèyàn ń tú jáde láyé, símẹ́ǹtì ní nǹkan bí méje sí mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún.

Bí mo bá ń wo ilé alájà mẹ́ta ní Òkè Ìléwó báyìí, ìkarahun ni mo ń rí.

Aládìrẹ Ìtòkú | Ajé, 1:37 ọ̀sán

Ará Kọ́rì, ẹ ti bà mí nínú jẹ́ o. Ilé tí mo ń kọ́ ní Àsẹ̀rò kò tíì kan òrùlé. 😂

Tíṣà Ọbáńtókò | Ajé, 4:50 ìrọ̀lẹ́

Ará Kọ́rì, ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹ̀yin lẹ mú mi rántí Olúmọ.

Bí òjò bá ń rọ̀, ó ń gba CO2 díẹ̀ mọ́ra nínú afẹ́fẹ́, omi náà á kan díẹ̀, kíkan tí ahọ́n kò lè mọ̀. Ó ń kán lé àpáta, ó ń jẹ ẹ́ níwọ̀nba, ìdí nìyẹn tí ara àpáta fi ń ṣí, tí yẹ̀pẹ̀ pupa fi ń jáde lára rẹ̀. Ohun tó yọ́ níbẹ̀ á bá ìṣàn omi wọ Odò Ògùn, á gba Láfẹ́nwá kọjá, á dé ọ̀sà ní Èkó, á wọ òkun. Ohun abẹ̀mí inú òkun á fi í kọ́ ìkarahun, á kú, á di òkúta. Mi ò sọ pé Olúmọ ló di òkúta Ewékorò o, ọ̀nà tí wọ́n gbà ló jọra. Ọ̀nà tí ayé fúnra rẹ̀ fi ń gbá CO2 kúrò nílẹ̀ pátápátá nìyẹn. Láti Olúmọ dé Ewékorò, mọ́tò kan ni. Kábọ̀n ń lo ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún lójú ọ̀nà.

Ìgbálẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ó ń falẹ̀. Ohun tí òjò àti àpáta ń gbá kúrò lọ́dún kan kò tó ìdá kan nínú ogún ohun tí à ń tú jáde. Òkun ń gba tirẹ̀ kíákíá, òun náà sì ń sanwó rẹ̀: kíkan omi rẹ̀ ti fi nǹkan bí ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ìkarahun sì ṣòro kọ́ nínú omi kíkan.

Ìyá Eléédú Láfẹ́nwá | Ajé, 8:12 alẹ́

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, èmi àti ọmọ la jọ kà á. Ọ̀rọ̀ èsúsú yẹn yé mi kedere. Igi ni èédú tèmi, kì í ṣe ti inú ilẹ̀. Igi gbà á nínú afẹ́fẹ́, èmi dá a padà síbẹ̀. Owó èsúsú ni. Mo ti jàre nìyẹn, àbí? Mo ti sọ fún ọmọ yìí pé kó bẹ̀ mí.

Ọmọ Ìsẹ́yìn Nílẹ̀ Ẹ̀gbá | Ajé, 9:26 alẹ́

Màmá, ẹ má bínú sí mi. Ẹ má tíì jẹ́ kí ọmọ bẹ̀ yín.

Òkè Ògùn ni wọ́n bí mi, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wa ni púpọ̀ nínú èédú tí ẹ ń tà ti ń wá. Ní kékeré mi, igi ayìn, ẹmì àti igbá ló yí oko bàbá mi ká. Màmá mi ń ṣa èso ẹmì fún òrí, ó ń fi igbá ṣe irú. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í gé e fún èédú, ayìn ni wọ́n kọ́kọ́ gé torí pé èédú rẹ̀ le, iná rẹ̀ ń pẹ́. Wọ́n kó igi jọ, wọ́n fi koríko bò ó, wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ lé e, wọ́n sun ún kó máa jó lábẹ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Igi kílò márùn-ún, nígbà míì kílò mẹ́jọ, ló ń lọ sí kílò èédú kan. Ìyókù ti di èéfín nínú oko kí èédú tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Èsúsú tí Tíṣà sọ dáa, ṣùgbọ́n ẹni tó kó èsúsú gbọ́dọ̀ máa dá a lọ. Igi tó fi ọgbọ̀n ọdún dàgbà, ẹ fi í se ẹ̀wà ní ọ̀sẹ̀ kan. Tí wọ́n bá gbin òmíràn síbẹ̀, tí wọ́n jẹ́ kó dàgbà, gbèsè ti san. Wọn kò gbìn ín. Ibi tí ẹmì wà nígbà yẹn, koríko ló wà níbẹ̀ báyìí, iná ẹ̀ẹ̀rùn sì ń jó o lọ́dọọdún. Ẹni tó kó èsúsú sá lọ nìyẹn.

Tíṣà Ọbáńtókò | Ajé, 9:48 alẹ́

Ó ti bá mi sọ ọ́ ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ.

Ọmọ Ìjẹùn | Ajé, 10:03 alẹ́

Mo gbà nípa kábọ̀n, Tíṣà ti ṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n mi ò tíì kúrò lórí ọ̀rọ̀ mi àkọ́kọ́. Mo lọ wò ó: ará Amẹ́ríkà kan ń tú nǹkan bí tọ́ọ̀nù 14 CO2 jáde lọ́dún kan látinú epo, gáàsì àti èédú ilẹ̀. Ti ará Nàìjíríà kan kò tó tọ́ọ̀nù kan. Ẹni tó jẹ gbì, ẹ ò bá a wí, ẹni tó tọ́ ọbẹ̀ wò lẹ ń mú.

Tíṣà Ọbáńtókò | Ajé, 10:15 alẹ́

Mi ò jiyàn ìyẹn. Òótọ́ pọ́nńbélé ni.

Aládìrẹ Ìtòkú | Ìṣẹ́gun, 5:55 àárọ̀

Ẹni yòówù kó jẹ ẹ́, àwa la wà létí odò. Ṣé ẹ mọ̀ pé nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbóná sí i, ó ń gba omi púpọ̀ mọ́ra? Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Ọ̀gbà Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Àgbẹ̀ níbí ló sọ ọ́ fún mi: ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, omi nǹkan bí méje nínú ọgọ́rùn-ún lórí ti tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tó bá wá dà á sílẹ̀, ó ń dà á pọ̀ ni. Àṣọ àdìrẹ mi mẹ́rìnlá ló bá àgbàrá lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mo ti sá wọn tán pátápátá ni o, wọ́n ti gbẹ, wọ́n ti ń dán.

Ìyá Eléédú Láfẹ́nwá | Ìṣẹ́gun, 7:30 alẹ́

Pẹ̀lẹ́ o, Aládìrẹ. Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò.

Ọmọ Ìsẹ́yìn, mi ò bínú. Mo ti ń rò ó látàná. Èmi náà ti ṣàkíyèsí pé àpò tí wọ́n ń gbé wá báyìí, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ló pọ̀ níbẹ̀, ó ń rún wómúwómú. Mo rò pé ẹni tó ń kó o fún mi ló ń rẹ́ mi jẹ.

Ọmọ mi ní kí n béèrè kan. Ó ní tó bá jẹ́ pé jíjó èédú ló ń dá kábọ̀n padà sáfẹ́fẹ́, tí èèyàn kò bá jó o ńkọ́? Tí wọ́n bá rì í mọ́ ilẹ̀?

Tíṣà Ọbáńtókò | Ìṣẹ́gun, 8:08 alẹ́

Ẹ bá mi kí ọmọ yẹn. Mi ò retí ìbéèrè yìí lọ́wọ́ JSS 3.

Igi tó bá jẹrà, ọdún díẹ̀ ni kábọ̀n rẹ̀ fi ń padà sáfẹ́fẹ́. Èédú kì í jẹrà bẹ́ẹ̀, ó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Àwọn ará Amazon ní Bràsíìlì ti da èédú pọ̀ mọ́ ilẹ̀ oko wọn kí òyìnbó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ilẹ̀ náà ṣì dúdú títí dòní, ó sì ṣì ń hu nǹkan dáadáa. Wómúwómú tó ń kù sí ìsàlẹ̀ àpò yín yẹn gan-an dára fún un, tí ẹ bá pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ.

Ìyá Eléédú Láfẹ́nwá | Ìṣẹ́gun, 8:21 alẹ́

Tíṣà, ẹ jẹ́ kó yé mi. Èédú tó dáa jù láyé ni èyí tí mi ò bá tà fún ẹni tó máa dáná?

Tíṣà Ọbáńtókò | Ìṣẹ́gun, 8:23 alẹ́

Bí ẹ ṣe sọ ọ́ yẹn ló rí.

Ìyá Eléédú Láfẹ́nwá | Ìṣẹ́gun, 8:24 alẹ́

Ta ló máa san owó rẹ̀ fún mi?

Awakọ̀ Kútọ̀ | Ìṣẹ́gun, 9:11 alẹ́

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, owó gáàsì ti lé ìyàwó mi kúrò nídìí sítóòfù. Èló ni àpò kan lọ́dọ̀ yín?

Ìyá Eléédú Láfẹ́nwá | Ìṣẹ́gun, 9:13 alẹ́

Ẹ wá sí ìsọ̀. Ẹ mú àpò òfìfo tiyín dání, màá fi wómúwómú díẹ̀ sí i fún ilé tí ẹ gbin ewédú sí.